Ṣé O Mọ̀? Ìyanu Inú Àpò Jẹ́sì, Láti Accra Dé Òkè Òkun

Ṣé o mọ̀ pé ẹsẹ̀ lásán ni àwọn agbábọ́ọ̀lù Gold Coast, tó di Gánà lónìí, fi gbá bọ́ọ̀lù kiri ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ́dún 1951? Ẹni tó ń kó ẹrù ẹgbẹ́ náà bọ́ lọ́wọ́ fífọ bàtà nìyẹn!

Má tíì máa fi wọ́n rẹ́rìn-ín o, ọmọ Nàìjíríà. Àwọn tiwa ti kọ́kọ́ ṣe é ní 1949: ọkọ̀ ojú omi Apapa ló gbé wọn dé Liverpool, Teslim Balogun tí wọ́n ń pè ní Thunder wà láàárín wọn, ọ̀pọ̀ nínú wọn bọ́ sí pápá láìwọ bàtà, wọ́n sì fi 5-2 na ẹgbẹ́ Marine ní Crosby.

Ní ọjọ́ 28 oṣù Karùn-ún 1950, Gold Coast gba Nàìjíríà lálejò ní Accra, wọ́n sì fi góòlù kan ṣoṣo borí wa. Àwọ̀ wo lo rò pé aṣọ Nàìjíríà ní láyé ìgbà náà? Àwọ̀ ewé kọ́ o! Pupa ni, Red Devils sì ni ìnagijẹ wọn, kí òmìnira tó dé ní 1960.

Ìwọ tó ò ń wo bọ́ọ̀lù lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, o mọ orúkọ akọ́nimọ̀ọ́gbá, o mọ orúkọ aṣọ́lé kejì, bóyá o tún mọ orúkọ ìyàwó rẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ló fọ jẹ́sì yẹn? Ta ló ká a, ta ló to bàtà sábẹ́ àga oníkálukú, ta ló ka bọ́ọ̀lù kí ọkọ̀ tó gbéra? Kit manager ni. Ìṣúra tirẹ̀ ni mo kó wá fún ọ lónìí.

Jẹ́ ká ṣe ìṣirò díẹ̀. Agbábọ́ọ̀lù 26 ni FIFA gba orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan láyè láti kó lọ sí Qatar ní 2022, Black Stars ti Gánà sì wà níbẹ̀. Bí ẹnì kọ̀ọ̀kan bá ní jẹ́sì méjì fún ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ kan, ọ̀kan fún ààbọ̀ àkọ́kọ́, ọ̀kan fún ààbọ̀ kejì, mélòó nìyẹn? Ó di 52. Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ mẹ́ta ti ìpele àkọ́kọ́ sọ ọ́ di 156, a ò sì tíì ka aṣọ ìgbáradì, a ò tíì ka àwọ̀ kejì, a ò tíì ka ìbọ̀sẹ̀ ẹyọ kan!

Ṣé o mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ló ń gbé jẹ́sì tí kò ní orúkọ, tí kò ní nọ́ńbà dání? Ẹ̀jẹ̀ ló fà á: òfin kò gba agbábọ́ọ̀lù láyè láti wà lórí pápá pẹ̀lú aṣọ tí ẹ̀jẹ̀ ta sí, nítorí náà ẹni tó bá fi orí gbá orí ní láti rí aṣọ mìíràn wọ̀ kíákíá.

Gbọ́ eléyìí ná: rẹfirí lè ní kí agbábọ́ọ̀lù kúrò lórí pápá nítorí àwọ̀ pátá! Bí ṣòkòtò abẹ́ bá yọ jáde, ó gbọ́dọ̀ bá àwọ̀ ṣòkòtò òkè mu. Kódà téèpù tí wọ́n fi ń di ìbọ̀sẹ̀ gbọ́dọ̀ bá ìbọ̀sẹ̀ mu. Ta lo rò pé ó ń wo gbogbo ìyẹn kí rẹfirí tó rí i?

Bọ́ọ̀lù náà ní òfin tirẹ̀, o sì lè gbé ìwọ̀n rẹ sílẹ̀: láàárín gíráàmù 410 sí 450 nígbà tí eré bá ń bẹ̀rẹ̀, kí àyíká rẹ̀ sì jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 68 sí 70. Afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ pàápàá, wọ́n ń wọ̀n ọ́n.

Nípa afẹ́fẹ́ inú bọ́ọ̀lù, ṣé o mọ̀ pé ìṣẹ́jú àáyá 100 péré nínú ilé ìwẹ̀ dá rògbòdìyàn sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà? Ní oṣù Kìíní 2015, òṣìṣẹ́ kan nínú ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà, New England Patriots, gbé àpò bọ́ọ̀lù wọ ilé ìwẹ̀ kí eré tó bẹ̀rẹ̀. Ìwádìí tẹ̀lé e, wọ́n sì bu owó ìtanràn mílíọ̀nù kan dọ́là lé ẹgbẹ́ náà, wọ́n ní kí gbajúgbajà agbábọ́ọ̀lù wọn, Tom Brady, sinmi fún ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ mẹ́rin. Eré ọ̀hún gan-an, 45-7 ni wọ́n fi borí!

Ó dáa, ẹ jẹ́ ká padà sí Accra. Ìgbà wo lo rò pé àgbà agbábọ́ọ̀lù Gẹ̀ẹ́sì nì, Stanley Matthews, wọ aṣọ Hearts of Oak? Lọ́dún 1957 ni, ọdún tí Gánà gba òmìnira, ó sì ti pé ẹni ọdún 42! Hearts, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1911, ló fún un ní jẹ́sì aláwọ̀ òṣùmàrè: pupa, ìyeyè àti búlúù.

Matthews yìí kan náà rí bàtà fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ níbi Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé 1950 ní Brazil, ó sì ní kí ilé iṣẹ́ kan nílé ṣe irú rẹ̀ fún òun. Bàtà náà fúyẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí kò fi lè ju ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ díẹ̀ lọ kí ó tó ya.

Ṣé o mọ̀ pé obìnrin tó ya ìràwọ̀ dúdú sínú àsíá Gánà ni wọ́n fi sọ pápá ìṣeré kan lórúkọ ní Accra, pápá náà kì í sì í ṣe ti bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀? Theodosia Okoh ni, ẹni tó ṣe alága ẹgbẹ́ hockey Gánà. Ìràwọ̀ rẹ̀ ló sì wà láyà jẹ́sì Black Stars títí dòní.

Ìràwọ̀ ọ̀hún wọ àpótí ife pẹ̀lú. Ife Ẹ̀yẹ Ilẹ̀ Áfíríkà àkọ́kọ́ kò sí lọ́wọ́ CAF mọ́: Gánà gbà á ní 1963 ní Accra, wọ́n tún gbà á ní 1965 ní Tunis, nígbà tí wọ́n sì fi góòlù méjì Opoku Afriyie na Uganda ní Accra ní 1978, wọ́n gbé e lọ sílé pátápátá!

Ṣé nọ́ńbà ẹ̀yìn jẹ́sì ni o rò pé ó ti wà látilẹ̀wá? Rárá o. Ọjọ́ 25 oṣù Kẹjọ 1928 ni Arsenal àti Chelsea kọ́kọ́ wọ nọ́ńbà nínú líìgì Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà tó sì di àṣekágbá FA Cup 1933, Everton wọ 1 dé 11, Manchester City sì wọ 12 dé 22, aṣọ́lé wọn ló wọ 22.

Fún Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé 1958, Brazil kò fi nọ́ńbà agbábọ́ọ̀lù wọn ránṣẹ́, ni ẹlòmíràn bá bá wọn pín in. Aṣọ́lé wọn, Gilmar, gba nọ́ńbà 3; ọmọdé kan tó jẹ́ ọmọ ọdún 17 gba nọ́ńbà 10. Orúkọ ọmọdé náà? Pelé.

Nọ́ńbà 3 náà ni Asamoah Gyan wọ̀ ní Gánà, nọ́ńbà tí àwọn tó ń ṣọ́ ẹ̀yìn sábà máa ń wọ̀. Ó fi gbá góòlù 51 sáwọ̀n fún Black Stars, mẹ́fà nínú wọn níbi Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé, kò sì sí ẹni tó gbá bọ́ọ̀lù fún orílẹ̀-èdè Áfíríkà tó tíì gbá ju mẹ́fà lọ níbẹ̀ títí di òpin ti 2022.

Níbi ọ̀rọ̀ àwọ̀ ni mo ti fẹ́ jókòó díẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni ọkàn kit manager ti ń já jù.

Mexico àti Switzerland gbé aṣọ pupa dé pápá Porto Alegre ní 1950. Kí ni Mexico ṣe? Wọ́n yá jẹ́sì ẹgbẹ́ Cruzeiro ti ìlú náà, aláwọ̀ búlúù àti funfun, wọ́n sì fi gbá Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé!

O rò pé wọ́n á ti kọ́gbọ́n? Ní 1978, Faransé àti Hungary dé Mar del Plata ní Argentina, funfun ni àwọn méjèèjì gbé wá. Faransé sáré lọ yá aṣọ oníla àwọ̀ ewé àti funfun lọ́wọ́ ẹgbẹ́ kékeré kan ládùúgbò, Kimberley ni orúkọ wọn, eré sì pẹ́ kó tó bẹ̀rẹ̀. Nọ́ńbà jẹ́sì àwọn kan kò bá ti ṣòkòtò wọn mu, síbẹ̀ Faransé fi 3-1 jáwé olúborí.

Àṣekágbá 1958 ńkọ́? Sweden àti Brazil ń wọ ìyeyè, Sweden ló sì ni ilé. Wọ́n ra jẹ́sì búlúù ní ọjà Stockholm fún Brazil, wọ́n tú báàjì kúrò lára aṣọ ìyeyè, wọ́n fi abẹ́rẹ́ àti òwú rán an mọ́ búlúù. Aṣọ ọjà yìí ni Pelé wọ̀ tó fi gbá góòlù méjì, tí Brazil sì gba ife àkọ́kọ́ wọn!

Èyí tó wù mí jù nìyí. Ní 1986, Argentina fẹ́ pàdé England ní ìlú Mexico, ooru ń mú, jẹ́sì búlúù tí wọ́n ní sì wúwo. Akọ́nimọ̀ọ́gbá Bilardo rán ènìyàn jáde sí ṣọ́ọ̀bù inú ìlú, ó gbé oríṣi méjì wá, Maradona sì nà ka sí ọ̀kan. Kíá, wọ́n rán báàjì mọ́ ọn lọ́wọ́, wọ́n lẹ nọ́ńbà aláwọ̀ fàdákà tó ń dán mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀, ó di ọ̀la. O mọ ohun tó ṣẹlẹ̀: góòlù tí ó fi ọwọ́ gbá àti góòlù tí ó sáré gba àárín gbogbo ènìyàn kọjá, inú aṣọ ṣọ́ọ̀bù yẹn ni méjèèjì ti wáyé. Èló ni o rò pé wọ́n tà á ní gbàǹjo Sotheby's ní 2022? Mílíọ̀nù 7.1 owó pọ́n-ùn! Ẹni tó rìn lọ ra aṣọ yẹn, tí abẹ́rẹ́ sì wà lọ́wọ́ àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ títí òru, n kò rí àwòrán wọn lára ògiri ẹnikẹ́ni.

Aṣọ máa ń jẹ̀bi nígbà mìíràn. Ní ọjọ́ 13 oṣù Kẹrin 1996, Manchester United wọ jẹ́sì aláwọ̀ eérú lọ sí Southampton, wọ́n jẹ góòlù mẹ́ta kí ìsinmi tó dé. Wọ́n bọ́ ọ dànù nínú yàrá ìmúra, wọ́n wọ búlúù àti funfun jáde, wọ́n sì gbá góòlù kan, 3-1. Wọ́n ní àwọn kò rí ara àwọn lórí pápá!

Cameroon gé apá jẹ́sì sọnù ní 2002, wọ́n sì fi gba Ife Ẹ̀yẹ Ilẹ̀ Áfíríkà ní Mali. FIFA ní kò gbọdọ̀ wọ Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé bẹ́ẹ̀, ni wọ́n bá fi apá dúdú sí i. Ní 2004, wọ́n tún dé Tunisia pẹ̀lú aṣọ tí jẹ́sì àti ṣòkòtò lẹ̀ mọ́ ara wọn: FIFA gba àmì mẹ́fà lọ́wọ́ wọn, kó tó padà dá a padà fún wọn.

Puma ló rán gbogbo ìyẹn, Puma náà ló sì ń rán aṣọ Black Stars láti 2005. Ní 2010, wọ́n ṣe jẹ́sì kẹta tí àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà mélòó kan jọ pín, tí Gánà wà lára wọn, àwọ̀ ilẹ̀ ni ìsàlẹ̀ rẹ̀, àwọ̀ ojú ọ̀run sì ni òkè. Ibo ni wọ́n ti rí àwọ̀ ilẹ̀ náà? Erùpẹ̀ gidi ni wọ́n bù, ti Gánà sì wà nínú rẹ̀!

Ṣé o mọ̀ pé àwọn ọmọ ìyá kan náà ló bí Puma àti Adidas? Rudolf Dassler dá Puma sílẹ̀, àbúrò rẹ̀ Adi dá Adidas sílẹ̀, inú ìlú kékeré kan náà, Herzogenaurach ní Jámánì, ni wọ́n ti bá ara wọn jà. Nígbà tí òjò rọ̀ ní Bern ní àṣekágbá Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé 1954, Adi fúnra rẹ̀ ló ń bójú tó bàtà àwọn Jámánì, tí ó yí kókó gígùn sábẹ́ wọn kí ẹrẹ̀ má baà gbé wọn ṣubú. Hungary ti fi góòlù méjì ṣíwájú, Jámánì sì borí ní 3-2.

Johan Cruyff bá Puma ṣe àdéhùn, Adidas sì ni Netherlands ń wọ̀. Níbi Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé 1974, ìlà mẹ́ta ló wà lápá gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀, méjì ló wà lápá tirẹ̀! Ẹnì kan gbọ́dọ̀ máa rántí jẹ́sì yẹn láti yà á sọ́tọ̀.

Bukayo Saka, ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí sí London, wà lára àwọn tó ń gé ihò sẹ́yìn ìbọ̀sẹ̀ tuntun kí iṣan ẹsẹ̀ wọn lè mí. Ìwọ tí màmá rẹ ń na ọ́ nítorí ihò ìbọ̀sẹ̀, o ti gbọ́!

Mohammed Kudus, ọmọ Nima ní Accra, ní ohun èlò tí ẹnikẹ́ni kò kà sí ohun èlò: àpótí tí ọmọ tó ń ṣa bọ́ọ̀lù ń jókòó lé. Nígbà tó wà ní West Ham, bí ó bá ti gbá góòlù, ó ti jókòó lé e nìyẹn. Ní ọjọ́ 12 oṣù Kẹwàá 2025, góòlù rẹ̀ kan ṣoṣo sí Comoros, ní Accra gan-an, ló mú Gánà dé Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé 2026.

Ẹrù tó ṣe àjèjì jù tí wọ́n tíì kó ránṣẹ́ sí Black Stars ńkọ́? Owó ni! Ní 2014, ìjọba Gánà fi ọkọ̀ òfuurufú gbé nǹkan bíi mílíọ̀nù mẹ́ta dọ́là ní bébà lọ sí Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé ní Brazil nítorí àwọn agbábọ́ọ̀lù ń béèrè ẹ̀tọ́ wọn, kámẹ́rà sì ká agbábọ́ọ̀lù wọn John Boye mọ́ ibi tó ti ń fi ẹnu ko owó náà. 

Níbo ni jẹ́sì àtijọ́ ń lọ? Púpọ̀ ń gúnlẹ̀ sí Accra. Wọ́n fojú bù ú pé aṣọ àlòkù tó tó mílíọ̀nù 15 ló ń wọ Gánà lọ́sẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ọjà Kantamanto ni wọ́n sì ń ṣí ìdì wọn sí. Bí o bá rí ọmọ tó wọ jẹ́sì Arsenal àtijọ́ níbẹ̀, máa rántí ẹni tí mo fẹ́ sọ fún ọ yìí.

Ọ̀gbẹ́ni Vic Akers ni. Ọ̀pọ̀ ọdún ló fi jẹ́ kit manager Arsenal àwọn ọkùnrin, ó máa ń wọ ṣòkòtò péńpé bí òtútù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tilẹ̀ ń bù ú jẹ. O ti rí i lórí tẹlifíṣọ̀n láìmọ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ akọ́nimọ̀ọ́gbá Wenger. Ohun tí o lè má mọ̀ ni pé ẹni tó ń ká ìbọ̀sẹ̀ Kanu yìí kan náà ló dá ẹgbẹ́ Arsenal àwọn obìnrin sílẹ̀, òun ni akọ́nimọ̀ọ́gbá wọn, ó sì gba ife tó lé ní ọgbọ̀n pẹ̀lú wọn! Ní sáà 2006 sí 2007, wọ́n gba gbogbo ife ńlá mẹ́rin tí wọ́n du, títí kan ti ilẹ̀ Yúróòpù, èyí tí kò sí ẹgbẹ́ obìnrin Gẹ̀ẹ́sì kankan tó tíì gbà á rí nígbà náà.

Ìyanu rẹ̀ kò tíì tán. Alex Scott, tó gbá góòlù kan ṣoṣo tí wọ́n fi gba ife Yúróòpù náà, ti ṣiṣẹ́ nínú ilé ìfọṣọ Arsenal rí, ó ń fọ jẹ́sì àwọn ọkùnrin! Ẹni méjì tó ní ẹ̀jẹ̀ Gánà sì wà nínú ẹgbẹ́ ọ̀hún: Anita Asante, àti Rachel Yankey, tí bàbá rẹ̀ jẹ́ ọmọ Gánà. Yankey yìí ti fá orí rẹ̀ nígbà tó wà lọ́mọdé, ó pe ara rẹ̀ ní Ray, kí wọ́n lè jẹ́ kó bá àwọn ọmọkùnrin gbá bọ́ọ̀lù.

Ṣé yìnyín ń já bọ́ ní Accra ni? Síbẹ̀, Gánà ní ohun èlò yìnyín! Kwame Nkrumah-Acheampong wọ aṣọ aláwọ̀ ẹkùn lọ sí Òlíńpíìkì ìgbà òtútù ní Vancouver ní 2010, òun ni ọmọ Gánà àkọ́kọ́ níbẹ̀. Akwasi Frimpong tẹ̀lé e ní 2018, ó dojú bolẹ̀ lórí ọkọ̀ yìnyín kékeré tó ń yọ̀ geere, kìnnìún tó la ẹnu ló sì yà sára akoto rẹ̀, ehoro ń sá jáde níbẹ̀.

Ní ọdún kan náà, Seun Adigun, ọmọ wa, darí àwọn obìnrin Nàìjíríà lọ sí Òlíńpíìkì kan náà bí ẹgbẹ́ bobsled (eré ọkọ̀ yìnyín) àkọ́kọ́ láti Áfíríkà. Kí wọ́n tó rí ọkọ̀ gidi, pákó ló fi kan èyí tí wọ́n fi kọ́ṣẹ́, ó sì sọ ọ́ ní Maeflower. Òun ni awakọ̀, òun ni káfíńtà!

Ìwọ kit manager tó ń ka èyí, má sọ pé àsìkò rẹ kò lè dé láéláé. Neil Baldwin, tó ń tọ́jú jẹ́sì Stoke City, wọlé gbá bọ́ọ̀lù gẹ́gẹ́ bí ìpààrọ̀ nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ ọlọ́rẹ̀ẹ́sọ́rẹ̀ẹ́ pẹ̀lú Aston Villa ní 1993.

Ti Jorge Alves tún ju ìyẹn lọ, nítorí ìdíje gidi ni. Òun ló ń tọ́jú ohun èlò fún Carolina Hurricanes, ẹgbẹ́ hockey orí yìnyín ní Amẹ́ríkà. Ní ọjọ́ ìkẹyìn 2016, aṣọ́lé wọn kan ṣàìsàn, wọ́n ní kí Alves wọṣọ, kó sì wà ní ìmúrasílẹ̀. Ó wọ gbogbo ẹ̀wù aṣọ́lé tán, ó sì ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá, ó ń tọ́jú bàtà yìnyín àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Ìṣẹ́jú àáyá 7.6 ló kù kí eré parí nígbà tí akọ́nimọ̀ọ́gbá ní kó wọlé. Ó wọlé, ó dúró sẹ́nu ilé, ẹnikẹ́ni kò sì gbá nǹkan kan sí i kí fèrè tó dún.